Ìlú Àìtán àti Ìtàdógún Kan

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ lọ́sàn-án òní. Mo dà á sínú àtẹ, mò ń yọ òkúta rẹ̀ sọ́tọ̀, nígbà tí Tẹni, ọmọ àbúrò mi, gbé fóònù rẹ̀ wá síwájú mi. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni wọ́n fún un: kí ó fi mẹ́tàdínlógún pín oókan. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Àwọn nọ́ńbà jáde, òdo, àmì, òdo mìíràn, aárùn-ún, ẹẹ́jọ, ẹẹ́jọ, wọ́n tò dé etí gíláàsì, wọ́n sì dúró.

"Àǹtí, ó ti tán," ló wí.

Mo ní kò tán. Mo ní fóònù ló tán.

Ó wò mí bí ẹni pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mo wá ka ìyókù fún un láìwo ibì kankan: eéjì, ẹẹ́ta, aárùn-ún, eéjì, ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́rin, oókan, oókan, eéje, ẹẹ́fà, ẹẹ́rin, eéje. Mo ní lẹ́yìn eéje yẹn ni yóò padà sí òdo, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn kan náà. Ọmọ náà la ẹnu sílẹ̀. Ó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá, àwọn méjèèjì jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n ní dandan, kí n sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ, n kò kọ́ ọ nílé ìwé. Mo ti gbé ní òpópónà yẹn rí ni.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Àgùdà ni ilé wa wà, ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Yábàá ni mo sì ń lọ. Fọ́ọ̀mù kejì ni mo wà. Tíṣà ni ìyá mi. Ọmọ pọ̀ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ ní Èkó nígbà náà, nítorí náà àwọn ọmọ kan ń lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, àwọn mìíràn ń gba àga wọn lọ́sàn-án kí ó tó tutù. Ọ̀sán ni ìyá mi ń kọ́ni, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìwáyà, níbi tí òórùn ẹja sísun ti máa ń bá afẹ́fẹ́ ọ̀sà wọ inú kíláàsì. Bí mo bá jáde ní aago méjì, n ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá a, n ó sì dúró títí yóò fi parí iṣẹ́ kí á tó jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ibi tí mo ti ń dúró ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Onídìrí.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá yìí, irun ni ó ń dì fún ọmọ gbogbo àdúgbò. Bí mo bá dijú báyìí, ohùn ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń padà wá: fèrè rélùwéè láti ọ̀nà jíjìn, àjẹ̀ àwọn apẹja tó ń kan ara ọkọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì ìyá mi tí wọ́n ń ké táìmù tébù bí ẹni ń kọrin, àti ìró eyín Ìyá Onídìrí nígbà tí ó bá ń gé òwú dúdú. Òwú ni wọ́n fi ń dì í nígbà náà, kì í ṣe irun àwọn ẹlòmíràn tí ẹ̀ ń rà nínú ọ̀rá. Orí wa ń dùn wá, oorun kì í wọ̀, ṣùgbọ́n bí Kérésìmesì bá kù dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọbìnrin á tò láti àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà, olúkúlùkù mú àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání, a ó sì máa gbọ́ ìròyìn gbogbo Ìwáyà kí ó tó kan orí wa. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan láìpẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ni mo gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Wùmí ni ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ orí wa kò ju oṣù mélòó kan lọ síra. Ó ti ka ìwé mẹ́fà tán, wọn kò rán an lọ síwájú mọ́. Láàárọ̀ ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, lọ́sàn-án ó ń bá ìyá àgbà rẹ̀ tú irun. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi bá ara wa mu.

Bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Náírà ti dé, ṣílè àti pẹ́nsì ti kógbá wọlé, gbogbo ilé ìwé sì ń kọ́ désímà bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Tíṣà ìṣirò wa ní kí á fi méje pín oókan, kí á ṣe é dé ipò mẹ́ta, kí á fi sílẹ̀. Mo nawọ́ sókè, mo bèèrè ohun tó wà lẹ́yìn ipò kẹta. Ó ní, "Ohun tí kò bá tán kò sí nínú ìdánwò." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jókòó. Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo mú ẹ̀yìn kàléńdà àtijọ́ kan, mo ń pín in lọ: oókan, ẹẹ́rin, eéjì, ẹẹ́jọ, aárùn-ún, eéje, oókan, ẹẹ́rin, eéjì. Wùmí yọjú láti ẹ̀yìn mi, ó ní ta ni àwọn wọ̀nyí tí wọ́n tò bẹ́ẹ̀. Mo ní nọ́ńbà ni. Ó ní rárá, ojúlé ni wọ́n, kí n wo bí wọ́n ṣe dojú kọ títì. Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ó fi òrùlé sí orí wọn níkọ̀ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kọ́ Ìlú Àìtán. Èmi ni mo ni nọ́ńbà, òun ló ni èèyàn. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro. Àlejò kan wà tó ń rìn ní òpópónà, ó gbé ẹrù lé orí. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ìwọ̀n tí ilé náà lè gbà kalẹ̀, yóò sì gbé àṣẹ́kù lọ sí ojúlé tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí ó bá tún bá ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó gbé wọ̀lú, ó di dandan kí ó tún kan ilẹ̀kùn kan náà, bí ó ṣe kàn án tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí désímà máa padà sẹ́yìn nìyẹn: oríṣi ẹrù tó lè ṣẹ́kù kò pọ̀, ẹni tó bá sì ń rìn láìdúró yóò gbé èyí tó ti gbé rí.

Ní Òpópónà Eéje, ìdílé mẹ́fà ló wà. Oókan ni ilé opó kan tó ní ẹyọ kan nínú ohun gbogbo: ṣíbí kan, àga kan, adìyẹ kan. Eéjì ni tọkọtaya tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ilé ẹẹ́jọ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra, àwọn ọmọ náà a sì máa yí iṣẹ́ náà padà. Eéje ni ìyá arúgbó tó máa ń mọ̀ pé Àlejò ń bọ̀ kí ó tó dé. Bí ẹ bá sì fi méje pín eéjì, ìdílé mẹ́fà kan náà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mìíràn lẹ kàn gbà wọlé. Ọjọ́ tí mo ṣàwárí èyí, Wùmí pàtẹ́wọ́, ó ní òun ti mọ̀ pé wọn ò ní gbà láti kó kúrò.

Òpópónà Ẹẹ́ta yàtọ̀. Ẹẹ́ta, ẹẹ́ta, ẹẹ́ta, títí lọ. Wùmí ní níbẹ̀, kété tí Àlejò bá jáde ní ilé kan ni ó tún ti padà dé, nítorí náà ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣọdún àbọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi tòṣì. Lọ́jọ́ kan ewúrẹ́ jẹ ìdajì òpópónà náà. A lé e títí dé etí omi kí á tó rántí pé kò sí àdánù: ibi tó ṣẹ́kù àti ibi tó jẹ, ọ̀kan náà ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyá mi rí ìwé tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀ nínú àpò mi, ó rò pé bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ pọ́ọ̀lù, ó sì ń fi èmi pa á mọ́. Bàbá mi, tó jẹ́ pé òun ló ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di ọjọ́ kẹta kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́ orúkọ ìlú wa, ó sọ ọ́ di Ààtàn, bí mo bá wọlé, yóò ní, "Ẹ kú ilé o, ará Ààtàn." Ó ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè dáhùn, nítorí ìlú tí ẹnì kan ò fi han ẹlòmíràn kò ṣeé gbèjà.

Ẹ̀yin náà ní ìlú nínú fóònù yín. Mo ti rí wọn, wọ́n lẹ́wà, ilé wọn ga ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló kọ́ ọ dè yín. Tiwa, bí a kò bá lọ síbẹ̀ lónìí, kò sẹ́ni tó máa gbá ìta rẹ̀.

Ìjà kan ṣoṣo tí a jà nínú ìlú náà, lórí iye ilé ni. Wùmí ka Òpópónà Eéje, ó ní méje ni. Mo ní mẹ́fà. Ó fi ìka tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì padà dé ilé opó, ó ní, "Méje."

Mo ní, "O ti ka ilé opó lẹ́ẹ̀mejì."

"Àbí kò padà débẹ̀ ni?"

"Ó padà débẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni."

"Ojúmọ́ mìíràn ni," ló wí.

Ìyá Onídìrí gbọ́, ó yọ òwú lẹ́nu. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nílé. Bí wọ́n bá ná ọjà lónìí, tí wọ́n ní ọrún ni wọn ó padà, òní jẹ́ ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n bá padà á jẹ́ márùn-ún. Mo ka oorun tó wà láàárín wọn ní ìka mi, mẹ́rin péré ni. N kò bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ nínú ara mi pé àwọn àgbà kò mọ ìṣirò. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Aṣọ mi ni mò ń wò nígbà náà. Ìyá náà ní ọ̀nà kan ò wọjà, ó fi òòyà kan èmi àti Wùmí lórí díẹ̀díẹ̀, ó ní kí á jẹ́ kí òun gbọ́ ti orí tó wà níwájú òun.

A ti bẹ̀rẹ̀ Òpópónà Ẹẹ́tàdínlógún nígbà tí ìròyìn dé pé ìyá Wùmí bí ìbejì nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ti kọ́ ilé mẹ́rin níbẹ̀. Òdo ni àkọ́kọ́, mo sì ti ní kò sẹ́ni tó lè gbé inú òdo. Wùmí ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ẹni tí a ń retí ni. Aárùn-ún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹẹ́jọ méjì tó fara kan ara wọn. Ó ní ẹ wá wò ó, Táyé àti Kẹ́hìndé ti kó wọlé kí wọ́n tó bí wọn. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa kò ju méjì lọ, ọdún méjì pàápàá kò pé.

Ọjọ́ Ajé kan ni mo dé láti ilé ìwé tí mo bá ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí ó wá pọn ọ̀kan nínú ìbejì. Bàbá rẹ̀, tó máa ń kó ọjà láti ilé wá tà ní Ọtọ̀ ní Èkó, ń dúró dè é níbi ọkọ̀. Ẹkún kò sí lójú rẹ̀. Ètò ló ní lọ́wọ́. Ó ní bàbá òun máa ń wá ní ìtàdógún, ìtàdógún, àti pé òun ó bá a wá lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìtàdógún òní láti kó àwọn aṣọ tó kù. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọn ó lò, àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì ni wọn ó padà. Ó ní lọ́jọ́ náà, kí n ti parí òpópónà wa, kí n mú ìwé Àìtán wá, kí òun gbé e lọ sílé. Bàbá òun ni yóò máa rìn láàárín wa láti ìgbà náà: á máa gbé òpópónà láti ọ̀dọ̀ mi lọ, á sì máa gbé èèyàn láti ọ̀dọ̀ òun bọ̀. Ó kàn jẹ́ pé bàbá náà ní òun gbọ́dọ̀ rí ọmọ tí òun ó máa gbé ìwé rẹ̀ kiri, kí òun mọ̀ bóyá ọmọ gidi ni.

Ọmọ Àgùdà ni mí. Ọ̀sẹ̀ àti oṣù ni mo mọ̀. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni ìtàdógún.

"Mẹ́tàdínlógún," ló wí. "Òpópónà tí a wà nínú rẹ̀ gan-an."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń fa ìlà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé mi. N kò lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Kò dùn ún jókòó sí láìsí i. Ẹ̀yìn kíláàsì ìyá mi ni mo ń jókòó sí, mò ń pín oókan. Iṣẹ́ náà gùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣìṣe tí mo pa á rẹ́. Níkẹyìn ni mo dé ilé kẹrìndínlógún, mo bá eéje níbẹ̀, àṣẹ́kù rẹ̀ sì jẹ́ oókan, ẹrù tí Àlejò gbé wọ̀lú. Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé Wùmí yóò ní mẹ́tàdínlógún ni, n ó sì fi hàn án pé mẹ́rìndínlógún ni, pé ilé àkọ́kọ́ ló tún kà. Mo múra ìjà yẹn sílẹ̀ dáadáa. Mo rí i lórí ìwé. N kò rí i lára ọjọ́.

Nígbà tí ìlà mi pé mẹ́rìndínlógún, tó jẹ́ Ọjọ́rú, mo jókòó láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, mò ń tún òpópónà náà kọ kí ó lè mọ́. Rúlà ni mo fi fa ojú títì. Pẹ́ńsù pupa ni mo fi kun òrùlé. Láti ibi tí mo jókòó dé ilé Ìyá Onídìrí, òpó iná márùn-ún ni. Mo ti kà wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí bí mo bá sọ ti Ọjọ́bọ̀ tán, n kò ní lè sọ òmíràn. Bàbá Wùmí kò tún wá sí Ọtọ̀. Ìbàdàn ni ó kó ọjà rẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Mo kọ lẹ́tà méjì, n kò rí èsì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ìyá Onídìrí náà di ẹrù rẹ̀, ó ń padà sílé. Ǹ bá fi ìwé náà rán an. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi Òpópónà Ẹẹ́tàlélógún kún un, kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ kí ó mọ́ kí Wùmí má baà rí ibi tí mo ti pa á rẹ́. Nígbà tí ó mọ́, ìyá náà ti lọ. Ìwé náà wà nínú àpótí mi di òní. Àwọn ilé wà níbẹ̀, òrùlé wọn pupa, ṣùgbọ́n láti ilé karùn-ún lọ, n kò mọ ẹni tó ń gbé inú wọn. Mo gbìyànjú láti fi èèyàn síbẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Onídìrí nìkan ló wà níbẹ̀, òòyà wà lórí itan rẹ̀, kò sí orí kankan níwájú rẹ̀. Lára òpó, níbi tí Wùmí máa ń fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé hóró káṣú yíyan sílẹ̀ nínú ewé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí bóyá ara mi kò yá lánàá.

Mo ní ara mi yá. Mo bèèrè Wùmí.

Ó ní wọ́n ti dé lánàá, wọ́n sì ti lọ ní àfẹ̀mọ́jú. Bàbá rẹ̀ jókòó títí ó fi jẹun tán, ó ní òun kò rí ọmọ kankan, ó bá ọjà rẹ̀ lọ sí Ọtọ̀. Wùmí kò kúrò nídìí òpó títí oòrùn fi wọ̀. Ó ní òun ní kí ó lọ wò mí nílé ìwé tí ìyá mi ti ń kọ́ni, kò gbà.

"Ó ní o kì í ṣi nǹkan kà," ni ìyá náà wí. "Ó ní tó o bá sọ pé o ń bọ̀, kí òun jókòó ló kù."

Mo ṣí ìwé mi, mo fi ìlà inú rẹ̀ hàn án, mo ní ó pé mẹ́tàdínlógún lónìí, kí ó kà á. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ìlà kì í ṣe ìwé. Ó fi ìdí òòyà tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kà wọ́n tán. Ó wá gbé òòyà náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé ojú ìwé tó ṣófo ṣáájú ìlà àkọ́kọ́.

"Ọjọ́ tí ẹ dágbére fún ara yín dà?"

Mo ní a kì í ka ìyẹn. Mo ní ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ó pa ìwé náà dé, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò bínú. Ó rọra fọwọ́ kan orí mi, bí ẹni ń wá ibi tí yóò ti là á.

"Òní la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kíkà, ọmọ mi. Ta ló ní kí o fò ó?"